Rélùwéè láti Mọ́níyà, ọ̀sà ní Àgbádárìgì

ÌBÉÈRÈ

Ìlú Milan ní Ítálì ni àbúrò mi ọkùnrin ń gbé. Láìpẹ́ yìí ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wa: ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Milan, ó sì lọ sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Varenna, létí adágún omi Como. Màmá wa, tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wo fídíò náà ní àwòtúnwò. Wọ́n ní àwọn náà wọ rélùwéè rí, láti Dùgbẹ̀ lọ sí Ìdó, nígbà tí àwọn ṣì wà lọ́mọge, àwọn ò sì wọ̀ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n wá bi mí pé ṣé kò sí ibi tí rélùwéè ti lè gbé ènìyàn dé etí omi nílẹ̀ tiwa ni. Mi ò rí èsì fún wọn.

Pópó Yemọja ni ilé wa. Ẹlùbọ́ ni màmá ń tà ní Ọjà'ba kí wọ́n tó fi ọjà sílẹ̀ fún wa. Orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ara wọn yá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe láti Ìbàdàn? Ìlú wo ni ká lọ? Ṣé a lè lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan náà? Ohun tí ojú àwọn èrò rélùwéè Abuja sí Kaduna rí sì ṣì ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ Pópó Yemọja, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ó ṣeé ṣe. Àgbádárìgì ni kí ẹ gbé màmá lọ, kí ẹ sì sun ibẹ̀, ó kéré tán òru kan. Bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn nínú èsì mi, ẹ rántí òru kan yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Varenna, torí ó ṣeé ṣe kí àbúrò yín ránṣẹ́ pe màmá lọ́jọ́ kan. Ní ìdíkọ̀ Milano Centrale ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Trenord tó ń lọ sí Tirano, bíi wákàtí kan ló sì ń gbà kó tó dé Varenna. Apá òsì ni kí èrò jókòó sí, torí apá ibẹ̀ ni adágún náà ti máa ń yọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá kọjá Lecco. Ẹni tó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ki í bọ ẹ̀rọ kó gba òǹtẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa san owó ìtanràn. Láti ìdíkọ̀ Varenna, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn dé etí omi, ọkọ̀ ojú omi sì wà níbẹ̀ tó ń kó èrò lọ sí Bellagio lódìkejì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé èrò débẹ̀. Tiwa kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Rélùwéè méjì àti mọ́tò ló máa gbé yín dé Àgbádárìgì, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Àwọn kan á ní kí ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ dára, ọjà ẹja ibẹ̀ sì lókìkí, àmọ́ kò sí irin kankan tó gba ọ̀nà ibẹ̀. Eléyele náà wà nínú Ìbàdàn níbí, adágún tí wọ́n sé ní 1942 kí ìlú lè rí omi mu. Ìyẹn wà fún ọjọ́ tí orúnkún màmá bá kọ̀ jálẹ̀. Ìdí tí mo fi mú Àgbádárìgì ni pé ọ̀nà tí ẹ máa gbà débẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀nà kan náà tí ìwé ABD gbà dé Ìbàdàn. Ní 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1846 Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Láti Abẹ́òkúta ni David Hinderer ti wá wo Ìbàdàn ní 1851, ó sì mú Anna ìyàwó rẹ̀ dání padà wá ní 1853, wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Màmá mọ Kúdẹtì bí ẹni mọ owó. Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn: ẹ̀yin máa rìn ín láti ìdí dé orí ni, rélùwéè ló sì máa gbé yín rin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbéra. Dùgbẹ̀ tí màmá mọ̀ kọ́ ni ẹ ti máa wọkọ̀. Irin Dùgbẹ̀ ni èyí tí Gómìnà MacGregor ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta 1901, àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 1,067. Irin tuntun tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2021 fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mìlímítà 1,435 ni tirẹ̀, torí náà ọkọ̀ ọ̀hún kò lè gun irin àtijọ́. Wọ́n la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún un, gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, Mọ́níyà ló sì parí sí ní Ìbàdàn. Fífẹ̀ tó fẹ̀ yìí náà wà lára ohun tó jẹ́ kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Màmá á wá rélùwéè tó máa ń mi èrò jìgìjìgì títí, wọn ò ní rí i.

Láti Pópó Yemọja dé Mọ́níyà, ẹ má fi wíwọ táksí Máíkírà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìsọ̀kalẹ̀ ní ìsọ̀kalẹ̀, da orúnkún màmá láàmú. Ẹ gba Máíkírà kan lódidi, kó gbé yín láti ẹnu ọ̀nà ilé. Ọkọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ kúrò nílé ní ìdájí, nígbà tí Bẹẹrẹ kò tíì dí, ẹ gba Ìnáléńdé bọ́ sí Mọ́kọ́lá, ẹ kọjá Sango àti Yunifásítì, ẹ yọ sí Òjòó. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá jáde, Òjòó nìkan lè gba gbogbo àkókò tí ẹ ní. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àlọ àti ti àbọ̀, kí orúkọ màmá lórí rẹ̀ sì bá ti orí káàdì ìdánimọ̀ wọn mu. Ipò mẹ́ta ni ìjókòó pín sí. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ₦2,500 ni ti gbogboogbò, ₦5,000 ni ti àárín, ₦6,000 ni ti òkè pátápátá. Owó náà ti gòkè láti ìgbà yẹn, ẹ yẹ iye tó jẹ́ wò àti aago tí ọkọ̀ ń gbéra lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lọ. Ti àárín ni mo bá màmá mú. Àyè tí wọ́n lè na ẹsẹ̀ sí wà níbẹ̀, wákàtí méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀ ni ẹ sì máa fi jókòó kí ẹ tó dé Èkó.

Ẹ fún màmá ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ ká orúkọ àwọn ìdíkọ̀ fún wọn bí ẹ bá ṣe ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìtàn ìgbà èwe wọn ló wà lára àwọn orúkọ náà. Ìdíkọ̀ Mọ́níyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ní Omi-Àdìó, ń jẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn nígbà tí ìjà àwọn méjèèjì fọ́ ẹgbẹ́ Action Group sí méjì ní 1962, tó sì rí rògbòdìyàn wẹ́tìẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò ní kọjá láàárín ìdíkọ̀ méjèèjì yìí kó má mí kanlẹ̀. Ẹ bi màmá léèrè níbẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ti Abẹ́òkúta, ní Láderin, ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, ti Papalanto sì ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì.

Kí ẹ tó dé Papalanto, ẹ máa ti gorí odò Ògùn kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá sùn lọ níbẹ̀. Ọmọ Pópó Yemọja ni yín, ẹ kò nílò ẹni tó máa sọ fún yín pé Yemọja ló ni odò Ògùn. Àwọn tó ń rìn lọ́jọ́ ọdún Yemọja láti ojúbọ àdúgbò yín lọ kí Olúbàdàn, omi odò yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn dá lé. Afárá náà kò gùn, ọkọ̀ kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí, ó ti tán. Àmọ́ Ògùn kò dúró níbẹ̀. Inú ọ̀sà Èkó ló ń ṣàn lọ, ẹ sì tún máa pàdé rẹ̀ níwájú.

Ní Èbúté Mẹ́ta, ní ìdíkọ̀ Mobọ́lájí Johnson, ni ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Rélùwéè mìíràn wà nítòsí ibẹ̀, ìyẹn Red Line tó ń ná Ọ̀yíǹgbò sí Agbádó. Ẹ má wọ̀ ọ́ o, ó máa dá yín padà sí apá ibi tí ẹ ti ń bọ̀ ni. Blue Line ni tiyín, Mile 2 ló sì ń lọ. Àwọn tó mọ Èkó á ní kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ ní Ìgànmú torí ó sún mọ́ tòsí. Mo ní kí ẹ má gbà. Ẹ gba táksí sọdá lọ sí Marina, níbi tí ọkọ̀ náà ti ń gbéra, kí ẹ wọ̀ ọ́ láti orísun rẹ̀. Ìdí ni pé láàárín Marina àti Ìgànmú, orí ọ̀sà gan-an ni irin náà gbà. Iná mànàmáná ló ń wa ọkọ̀ yìí, kò ní èéfín, kò pariwo. Bó bá ti yí kúrò ní Marina báyìí, ẹ máa rí omi lábẹ́ yín, àwọn ọkọ̀ ojú omi níwájú, àti afárá Èkó tí mọ́tò kún orí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi Ògùn tí màmá rí lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta ti dé inú ọ̀sà yìí. Nínú gbogbo ìrìn náà, ibí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì gbà pé ó tó ohun tí ènìyàn ń torí ẹ̀ gun rélùwéè ní Como.

Kìlómítà 13 ni Blue Line báyìí, ìdíkọ̀ márùn-ún ló sì ní: Marina, National Theatre, Orílé-Ìgànmú, Súrù-Alábà àti Mile 2. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ níbẹ̀. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, kí olúkúlùkù sì ní tirẹ̀ lọ́wọ́, kí owó tó máa tó àlọ àti àbọ̀ wà lórí rẹ̀. Òkè ni àwọn ìdíkọ̀ náà wà, torí náà ẹ béèrè ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè kí màmá má baà gun àtẹ̀gùn. Ìpele kejì irin yìí máa gbé e dé Òkòkòmáìkò, ìyẹn á sì tún gé ìrìn mọ́tò yín kù lọ́jọ́ iwájú.

Láti Mile 2, mọ́tò ló kù. Mi ò ní purọ́ fún yín, ibẹ̀ ló nira jù. Ọ̀nà ọ̀hún náà ló lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, nítorí náà àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á sì máa dá mọ́tò dúró. Ojú ọ̀nà kò sì tẹ́jú bákan náà dé òpin. Ẹ san owó ìjókòó iwájú méjèèjì fún màmá, kí wọ́n lè jókòó bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun ní Mile 2 kí ẹ tó wọkọ̀, àmọ́ kí wọ́n má mu omi jù, kí wọ́n sì ti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìdíkọ̀ rélùwéè kí wọ́n tó jáde. Ohun táwọn ọmọ máa ń gbàgbé láti bi ìyá wọn nìyẹn, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí ìyá sọ.

Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ sun ibẹ̀. Bí ẹ bá dé ní ọ̀sán, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ àbọ̀ má baà já yín sílẹ̀, ìrora lásán ni màmá máa gbé délé, wọn ò ní rí omi kankan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ gba yàrá sí ilé ìtura tí ẹ ti pè ṣáájú, yàrá ìsàlẹ̀, kí màmá fẹ̀yìn lélẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, ẹ gba kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí etí ọ̀sà. Omi tó ń bọ̀ láti odò Yewa ló wà nínú ọ̀sà yẹn, ó sì gba ẹ̀yìn ilẹ̀ lọ bá ọ̀sà Èkó. Àwọn apẹja máa wà níbẹ̀, àwọn igi àgbọn máa wà lódìkejì. Àwọn Ògù ló ni ìlú, tí àwa ń pè ní Ègùn, ṣùgbọ́n bí màmá bá sọ Yorùbá Ìbàdàn sí ẹnikẹ́ni lọ́jà, wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì dá wọn lóhùn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà létí omi yẹn náà. Ọdún 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Lọ́dún kan náà ni Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Àgbádárìgì, wọ́n fẹ́ gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, àmọ́ Ṣódẹkẹ́, aṣáájú ìlú náà, tó yẹ kó gbà wọ́n lálejò ti kú, ọ̀nà sì ti dí. Bíi ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi dúró sétí ọ̀sà yìí. Ẹ rántí ẹni tí Crowther jẹ́: ọmọ Òṣogùn ni, ìlú tí ogun kó ní 1821, tí wọ́n sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Nígbà tí ọ̀nà wá là ní 1846 tó sì dé Abẹ́òkúta, kò pé oṣù kan tí ìyá rẹ̀, Àfàlà, gbọ́ ìròyìn rẹ̀ tó sì wá a wá. Ọdún 25 ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Ẹ sọ ìtàn yìí fún màmá níwájú ilé náà, ẹ má sọ ọ́ fún wọn nínú ọkọ̀. Ohun tó yẹ kí ìyá kan gbọ́ níbi tí ọmọ ọ̀hún ti dúró tí ó ń retí ọ̀nà ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gberefu. Ìsọdá náà kò pẹ́ rárá. Ẹ má gbà láti wọ ọkọ̀ tí kò bá fún gbogbo èrò ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, bó ti wù kí ó kúrú tó. Láti èbúté ọ̀hún, inú iyanrìn ni ọ̀nà gbà lọ sí etí òkun, síbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ tí kì í dá wọn padà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí àwọn amọ̀nà ń sọ pé wọ́n máa ń fún wọn lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ìrìn inú iyanrìn yẹn pọ̀ jù fún orúnkún tó ń dunni, ọ̀kadà wà níbẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n rọra gbé màmá. Bí wọn kò bá fẹ́ gun ọ̀kadà, ẹ jókòó tì wọ́n sábẹ́ àgbọn ní èbúté, ọ̀sà tí wọ́n torí rẹ̀ wá kò kúrò níwájú wọn. Etí òkun gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọnú rẹ̀, ìgbì ibẹ̀ le.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ẹ̀rù yín nídìí. Ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022 ni àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ Abuja sí Kaduna, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó àwọn mìíràn wọ igbó, ó sì di oṣù kejìlá kí ọkọ̀ náà tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé ewu kò sí lọ́nà kankan ní orílẹ̀-èdè yìí, ì báà jẹ́ irin tàbí mọ́tò. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ má rìn lálẹ́. Àwọn ọlọ́pàá máa ń wà nínú ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ìlú ni Mọ́níyà wà, nítorí náà bí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló máa gbé yín padà, ẹ ti bá awakọ̀ Máíkírà tí ẹ mọ̀ ṣàdéhùn sílẹ̀ kó wá dúró dè yín. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ kúkú sun òru kejì ní Èkó lọ́dọ̀ ẹbí, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kẹta.

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ lọ, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí ọ̀nà gbẹ, tí ọ̀sà sì rọlẹ̀. Bí owó tó wà lọ́wọ́ kò bá tíì ká ti ilé ìtura, ẹ sún ìrìn náà síwájú oṣù kan tàbí méjì, kí ẹ sì ní kí àbúrò yín tó wà ní Milan dá sí i. Ẹ má sọ ọ́ di ìrìn ọjọ́ kan.